Mo Ṣe Ògbufọ̀ fún Ìyá Mi ní Èdè Tí N Kò Gbọ́

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin òǹkàwé. Tíṣà ni mí, n kì í bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ títí gbogbo ojú yóò fi kọ sí mi. Ẹni tí kò bá parọ́ rí láyé rẹ̀ lè dìde kó máa lọ sílé. Àwa tó kù nínú kíláàsì la ni ọ̀rọ̀ òní.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú ńlá kan lókè òkun. Ó ti tó ogún ọdún sẹ́yìn. Fóònù ìgbà náà kò mọ̀ ju ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ lọ, kò sí èyí tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti fẹ́ nawọ́ sókè.

Kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi kí n tó ṣàlàyé rẹ̀. Mo parọ́ fún ẹbí mi pé mo gbọ́ èdè ìlú náà bí ẹní mumi. Nítorí irọ́ yẹn, díẹ̀ ló kù kí ìyá mi pàdánù ojú rẹ̀ kan.

Ẹ ó ní báwo ni èèyàn ṣe lè gbé ìlú fún ọdún mẹ́ta kó má gbọ́ èdè ibẹ̀. Ìbéèrè tó dáa ni.

Ilé-ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà ní àjà kẹrin, lókè ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà. Dígí ni ògiri gbogbo yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá wá wòran lè fojú ara rẹ̀ rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ń lọ. Wọ́n lẹ àkọlé kan mọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan pé èdè ìlú kò gbọdọ̀ wọlé. Ọ̀gá wa obìnrin, tí a máa ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ kí a tó rí i, pè mí sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀.

Ó ní, "Tíṣà, mo gbọ́ pé o kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní èdè wa."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Inú bàálù ni mo ti kọ́ ọ."

"Má kọ́ ọ mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wá gbà lọ́wọ́ wa. Bí wọ́n bá mọ̀ pé o gbọ́ tiwọn, ta ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe wàhálà?"

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ mi parí sí. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí oorun ṣì wà lójú wọn. Lẹ́yìn wọn, àlàfo wákàtí mẹ́rin, tí kò tó lọ sílé kéèyàn padà, tó sì pọ̀ jù fún ìjókòó lásán. Ọ̀sán, àwọn ọmọdé. Ìrọ̀lẹ́, àwọn àgbà tó ti iṣẹ́ dé. Yàrá tí mo gbà kò fẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ṣí fèrèsé, mo ní láti kọ́kọ́ gun bẹ́ẹ̀dì.

Bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń tajà á gbọ́ bí mo ṣe ń fa ọ̀rọ̀, á sì dá mi lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, inú rẹ̀ á máa dùn pé òun rí ẹni fi dánra wò. Aládùúgbò mi kan máa ń dúró dè mí ní ìdí àtẹ̀gùn láràárọ̀ kó lè sọ fún mi pé ojú ọjọ́ dára. Bí òjò ń rọ̀, ojú ọjọ́ dára. Gbogbo ìlú ló sọ mí di pátákó ìkọ̀wé.

Àwọn àgbà ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ ṣanwọ́. Èmi gbé etí odò, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo sì fi itọ́ ṣanwọ́.

Orí fóònù ni irọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, káfíńtà ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ayùn rẹ̀ lọ. Láti kékeré ló ti ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀, mo sì fẹ́ kí ọjọ́ kan wà tí n óò borí rẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, mo pè sílé, gbogbo wọn sì yí fóònù ká.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Tíṣà, o ti lé lọ́dún méjì lọ́hùn-ún. Sọ èdè wọn díẹ̀ ká gbọ́."

Ẹ wò ó, mo lè ní mi ò gbọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí yóò sọ tẹ̀lé e: "Ẹni tó ń kọ́ ará ayé lédè, òun fúnra rẹ̀ ò kọ́ èdè kankan." Yóò sì fi dá àpárá títí ọdún yóò fi yípo.

Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ lórí ní èdè náà: ìkéde inú ọkọ̀ ojú irin. Ní gbogbo ibùdókọ̀, obìnrin olóhùn oyin kan máa ń sọ ọ́ nínú ẹ̀rọ pé kí a ṣọ́ra fún ilẹ̀kùn, kí a má sì gbàgbé ẹrù wa. Ọ̀gá wa ló sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo ti há a sórí láìmọ èyí tó jẹ́ ilẹ̀kùn nínú rẹ̀, láìmọ èyí tó jẹ́ ẹrù. Mo tún ọ̀fun ṣe, mo sọ ọ́ láti orí dé ìdí, tòun ti ohùn oyin.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ àtẹ́wọ́.

Ìyá mi ní, "Ọmọ mi, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Mo ní, "Màámi, àdúrà ni. Ó ní kí ilẹ̀kùn ayọ̀ má tì mọ́ yín, kí ẹ má sì pàdánù ohun tó jẹ́ tiyín."

"Àmín," ni gbogbo ilé fi dáhùn, títí kan ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, irọ́ a máa dùn. Tí kò bá dùn, ta ni ì bá máa pa á? Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti pè, ìyá mi á ní kí n ṣàdúrà òyìnbó yẹn fún òun. Mo máa ń ṣe é. Nígbà tó yá, mo ń fi orúkọ àwọn ibùdókọ̀ kún un kó lè gùn.

Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà ni ojú ọ̀tún ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí ṣú. Aránṣọ ni. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló máa ń jí wa láàárọ̀. Àfi bí awọ funfun kan ṣe ń bo ẹyinjú rẹ̀, títí ó fi rán apá aṣọ oníbàárà kan ní òdìkejì, tí obìnrin náà sì na apá méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ó ní, "Mo ti rí ilé ìwòsàn kan níbí. Dókítà ibẹ̀ á máa bá Màámi sọ̀rọ̀ lédè tí wọ́n gbọ́."

Mo ní, "Ẹ gbé wọn wá ọ̀dọ̀ mi. Ilé ìwòsàn ojú tó wà níbí, kò sírú rẹ̀. Èmi ni màá ṣe ògbufọ̀."

"Ṣé ó dá ọ lójú? Ojú la ń sọ o, kì í ṣe bàtà."

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ̀yin náà kì í gbọ́ mi lórí fóònù ni?"

Ó ní, "Ó dáa. Ojú Màámi ti wà lọ́wọ́ rẹ."

Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn yẹn. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, inú mi dùn pé mo ti borí rẹ̀ níkẹyìn.

Ìyá mi dé. Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni obìnrin olóhùn oyin bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Ìyá mi gbé orí sókè.

Ó ní, "Àmín." Ó sọ ọ́ sókè dáadáa. Gbogbo ọkọ̀ wò wá.

Ó fọwọ́ tọ́ mi. "Àdúrà rẹ nìyẹn. Inú ọkọ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Wọ́n mà mọ Ọlọ́run o. Kí ló dé tí àwọn yòókù ò ṣàmín?"

"Inú ọkàn ni wọ́n ń ṣe é."

Ibùdókọ̀ mọ́kàndínlógún ló wà láàárín pápákọ̀ òfurufú àti ilé mi. Ìyá mi kò fo ọ̀kan.

A dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kẹta. Obìnrin ẹnu ọ̀nà bi mí ní nǹkan kan. Mo lè fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, ó sì ṣeé ṣe kó gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi dúró tì mí, àpò rẹ̀ ní igbá àyà. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ó mọ bó ṣe ń dún. Ó ti ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. Bí mo bá ti fi Gẹ̀ẹ́sì la ẹnu, àṣírí tú. Mo kàn fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lẹ́yìn náà pé ohun tó béèrè ni bóyá èmi ni n óò máa ṣe ògbufọ̀.

Ó fún mi ní ìwé ojú mẹ́rin, àpótí kéékèèké méjì méjì níwájú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. N kò tilẹ̀ mọ èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àti èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe bí kò bá mọ ìdáhùn. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn: ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, títí mo fi dé ìsàlẹ̀.

Ìyá mi ní, "Ọwọ́ rẹ mà yá."

Mo ní, "Ó ti mọ́ mi lára, Màámi."

Dókítà náà ga, ó sì ní sùúrù. Ó fi iná wo ojú ìyá mi, ó sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó sì kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sórí páálí kékeré kan. Nọ́ńbà ni, mo dúpẹ́, nọ́ńbà kò ní èdè.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ojú yín á dáa."

Ìyá mi tẹ̀ síwájú lórí àga. Ó ní, "Sọ fún un nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ mi o."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ní ọdún tó ṣáájú, ẹ̀jẹ̀ dì ní ẹsẹ̀ ìyá mi. Dókítà ilé fún un ní oògùn funfun kékeré kan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ó sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ọ̀bẹ tàbí abẹ́rẹ́ kàn án gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀.

N kò mọ oògùn ní èdè náà, n kò mọ ẹ̀jẹ̀. Mo mọ ọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà lórí ahọ́n mi, ó ń jó. Mo wo dókítà. Mo wo ìyá mi. Ojú rẹ̀ tó ṣì ríran wà lára mi, ó ń tàn fún ìwúrí.

Mo la ẹnu, mo sì sọ fún dókítà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó pọ̀, pé kó ṣọ́ra fún ilẹ̀kùn, kó má sì gbàgbé ẹrù rẹ̀.

Dókítà wò mí. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó dìde, ó lọ tì í, ó padà wá jókòó.

Ìyá mi rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣó ti gbọ́?"

"Ó ti gbọ́. Ẹ ò rí i pé ó ti ilẹ̀kùn? Wọn kì í fẹ́ kí ará ìta gbọ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn."

Mo ṣèlérí fún ara mi pé n óò padà síbẹ̀ ní èmi nìkan, kí n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn náà jìnnà ju ilé mi lọ, àlàfo wákàtí mẹ́rin mi kò tó o, ọ̀gá wa kò sì gbà kí n pa kíláàsì jẹ. Ó ní, "O fẹ́ lọ? Ta ló máa dúró sínú dígí?" Mo pè wọ́n lórí fóònù, ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn, ní èdè ìlú. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, mo ti ń sọ fún ara mi pé oògùn náà kò ju hóró àgbàdo lọ. Kí ni hóró àgbàdo lè ṣe?

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé. Wọ́n wọ ìyá mi ní aṣọ ilé ìwòsàn, ó yẹ àránpọ̀ rẹ̀ wò, ó ní ẹni tó rán an kánjú. Àmọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ń hùwà kan tó yà mí lẹ́nu. Ọ̀kan wá, ó gbá ìyá mi lọ́wọ́ mú, ó sì rẹ́rìn-ín títí. Èkejì gbé ife kékeré wá fún ìtọ̀ rẹ̀, ó rọra fi ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn bí ẹni ń tọ́jú ẹyin. Aláìsàn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ tilẹ̀ pàtẹ́wọ́.

"Kí ni wọ́n ń yọ̀ sí?"

"Wọ́n ní ara yín jọ ti ọmọge, Màámi."

Inú ìyá mi dùn, ó tún gèlè rẹ̀ wé.

Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì kẹta wọlé pẹ̀lú ìwé ojú mẹ́rin yẹn lọ́wọ́, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni. Nínú kíláàsì ìrọ̀lẹ́, ìjókòó ẹ̀yìn ni tirẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi wà níbẹ̀ láìsọ gbólóhùn kan tó parí. Inú èsì ìdánwò rẹ̀ ni mo kọ "ó ń gbìyànjú" sí, gbogbo tíṣà ló sì mọ ìtumọ̀ ìyẹn.

Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Tíṣà," ló wí, ní Gẹ̀ẹ́sì. "Ẹ káàárọ̀. Ṣé ìyá yín nìyí?"

Mo ṣẹ́jú sí i. Mo mi orí. Mo fọwọ́ kan ètè. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ló ń kọ́ wọn pé kí wọ́n má tijú, kí wọ́n sọ ọ́ sókè. Ó sọ ọ́ sókè.

"Mo ní ìbéèrè mẹ́ta, Tíṣà. Àkọ́kọ́. Ìwé yìí sọ pé ìyá yín lóyún."

Mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Rárá."

"Ẹ jọ̀ọ́, gbólóhùn tó pé."

"Ìyá mi kò lóyún."

"Ẹ ṣeun. Ìkejì. Ìwé yìí sọ pé ó ń mu ọtí líle láràárọ̀."

"Ìyá mi kì í mu ọtí."

"Ó dára gan-an," ni akẹ́kọ̀ọ́ mi wí, ó fi bíírò fa ìlà. Èmi ni mo máa ń sọ "ó dára gan-an" bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi jókòó sókè. "Kí ló dé tí ẹ̀yin méjèèjì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì?"

Lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin méjì tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé ti gbé bẹ́ẹ̀dì onítáyà dé, wọ́n ń dúró.

"Ìkẹta," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ìwé yìí sọ pé kò lo oògùn kankan. Ṣé òótọ́ ni?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, n óò sọ òótọ́ fún yín, torí ohun tí mo wá ṣe nìyí. Ó ku díẹ̀ kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìdajì irọ́ náà ti tú, ṣùgbọ́n mo ṣì lè wá ọgbọ́n dá sí i. Mo lè sọ fún ìyá mi pé nọ́ọ̀sì yìí ló fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì dánra wò, gẹ́gẹ́ bíi gbogbo ará ìlú. Ẹnu mi ti ṣí. Ìgbà náà ni mo rí ìyá mi tó na ọwọ́, tó ń wá ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì lápá ọ̀tún, tí kò rí i, tó sì ń fọwọ́ wá a kiri nínú afẹ́fẹ́.

Mo ní, "Ìyá mi ń lo oògùn kan. Kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dì. Ó ní kí n sọ fún dókítà, n kò sọ."

Ẹ̀rín kúrò lójú nọ́ọ̀sì. Ó gbé ọwọ́ sókè sí àwọn ọkùnrin méjèèjì, wọ́n sì ti bẹ́ẹ̀dì wọn padà.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"N kò gbọ́ èdè yín."

"Ṣùgbọ́n dókítà ní ẹ bá òun sọ ọ́. Ó ní ẹ ní kí òun lọ ti ilẹ̀kùn."

Ó mú ìwé, ó ya ojú kan sí i, ó ya abẹ́rẹ́, ó sì fi bíírò pupa kun ẹ̀yìn ojú náà títí kò fi sí funfun mọ́. Ó ń ṣàlàyé díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe níwájú pátákó. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ gún sí ìdí ojú ìyá mi lè dá ẹ̀jẹ̀ tí kò ní dúró sílẹ̀. Ojú lè tipa bẹ́ẹ̀ lọ pátápátá. Wọ́n gbọ́dọ̀ sún iṣẹ́ abẹ síwájú, kí dókítà lè tún oògùn náà tò. Gbogbo gbólóhùn rẹ̀ ló pé.

Nígbà tó jáde, ìyá mi ní, "Ìwọ, jókòó."

Mo jókòó.

"Kí lo sọ fún dókítà lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo ní kó ṣọ́ra fún ilẹ̀kùn, kó má gbàgbé ẹrù rẹ̀."

"Àdúrà tí mo ti ń ṣàmín sí látọdún kan ńkọ́?"

"Ìkéde ọkọ̀ ojú irin ni, Màámi."

Ó ronú sí i. "Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń yọ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n rò pé ẹ lóyún."

Mo rí i tí èjìká ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí mì. Mo rò pé ẹkún ni, mo sún mọ́ ọn, àṣé ẹ̀rín ni. "Èmi, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin," ló ń wí. "Ta ni wọ́n ní ó fún mi? Kí n mọ ẹni tí màá lọ rí." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀ méjèèjì, èyí tó ríran àti èyí tí kò ríran.

Lẹ́yìn náà ló nu ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì tán.

"Ojú mi lo fi ń ṣeré," ló wí. "Ojú tí mo fi ránṣọ tí mo fi rán ọ níléèwé."

Bó bá gbá mi létí, ì bá sàn.

Òun ló ní kí n pe ẹ̀gbọ́n mi, níwájú òun. Mo rò gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò fo ibì kankan, títí kan oyún. Mo ń dúró de ẹ̀fẹ̀. Mo tilẹ̀ fẹ́ ẹ̀fẹ̀ náà.

Ó ní, "Ojú Màámi ńkọ́?"

"Ó wà bó ṣe wà."

"Ó dáa." Ó sì pa fóònù.

Títí di òní, kò fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ rí, òun tó máa ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ni mo fi mọ bí ohun tí mo ṣe ṣe wúwo tó.

Ẹ mú bíírò. Ẹ̀yin tó ń gbèrò àtilọ kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì lókè òkun, iṣẹ́ náà dáa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín pé ó lè gbé yín ró sínú dígí, kí ìlú máa wò yín, kí ẹ̀yin má rí ìlú. Ẹ fọ́ dígí náà fúnra yín. Bí wọ́n bá sì bi yín ní ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀. "Mi ò gbọ́" kò pa ẹnikẹ́ni rí. "Mo ti gbọ́" ló máa ń pààyàn.

Èmi náà bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kó máa kọ́ mi lédè wọn. Ó gbà. Ó ní kí n lọ jókòó sẹ́yìn.

Ìyá mi kò dúró dè mí. Aránṣọ kan ní ṣọ́ọ̀bù ní ìsàlẹ̀ ilé tí mo ń gbé. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń kọjá níwájú rẹ̀, n kò wọlé rí. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú, nígbà tí mo lọ kọ́ni, ìyá mi sọ̀ kalẹ̀, ó wọlé, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bá obìnrin náà tú aṣọ. Wọ́n fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n fi òwú sọ̀rọ̀. Mo ń dé lálẹ́ láti ibi tí mo ti ń kọ́ni, òun ń dé láti ibi tó ti ń kọ́ èdè.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó bi mí pé, "Kí ni wọ́n ń pe 'rọra'?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Màámi."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Ó kàn wù mí kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, akẹ́kọ̀ọ́ mi ló sì ṣe ògbufọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọjọ́ kejì, a padà lọ kí wọ́n lè ṣí ohun tí wọ́n fi bo ojú náà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Dókítà ká aṣọ funfun kúrò, ìyá mi ṣẹ́jú, ó wo dókítà, ó wo aṣọ rẹ̀, ó sì fọwọ́ tọ́ bọ́tìnnì kan tó ti fẹ́ já lára rẹ̀.

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ "ẹ káàárọ̀" nínú rẹ̀. Ìyá mi dá a lóhùn ní èdè rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Dókítà tún sọ̀rọ̀, ó rọra ń fi ọwọ́ júwe. Ìyá mi mi orí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dìde, a jáde.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sáré bá a. "Màámi, kí ló wí?"

Kò wẹ̀yìn. "Ó ní kí omi má kan ojú yìí. Ó ní n kò gbọdọ̀ tẹrí ba. N kò gbọdọ̀ dáná fún oṣù kan, n kò gbọdọ̀ fọ abọ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bá mi jiyàn nínú ilé. Ó ní ìwọ ni kí o gbé àpò."

Mo gbé àpò. Títí di òní olónìí, n kò tíì mọ èyí tí dókítà sọ nínú rẹ̀ àti èyí tí ìyá mi fi kún un.